Ta Ló Kó Eegun Bàbá Líàng?

Kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó dé Ọ̀tan-Ilé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, àwọn ará àdúgbò ti gbé táyà dé. Ọrùn Silas ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Silas ló ń bá Ìyá Ọláìtán tọ́jú oko kòkó, wọ́n sì ti lù ú títí ojú òsì rẹ̀ fi wú pa dé. Ìyá náà ló jí lọ gbá ẹ̀yìnkùlé tó bá sàréè ọkọ rẹ̀, Bàbá Líàng, ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti kó gbogbo eegun inú rẹ̀ lọ, ṣọ́bìrì Silas ló sì wà lẹ́nu kòtò. Gbogbo àdúgbò ní òògùn owó ni.

Ìńsípẹ́kítọ̀ Ràṣídátù bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ Òṣogbo ni, obìnrin tí kì í pariwo. Ó gba táyà náà, ó fi í lélẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lò ó kí ó wá gbé òun kúrò lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Àwọn èrò ń wo bàtà ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀.

Silas ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ṣọ́bìrì òun máa ń wà, ẹni tó bá wù lè mú un, àti pé oko lòun wà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Màdáámù, wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́," ó fi ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wí. "Òkè ni gbogbo wọn ń wò. Ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀."

Ràṣídátù wọ inú kòtò lọ. Wọ́n ti fi ọwọ́ jọ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kúnná bíi gàrí. Kò rí eegun kan, kò rí ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ pàápàá. Lẹ́nu kòtò, ojú orúnkún ẹni tó kúnlẹ̀ pẹ́ hàn nínú iyẹ̀pẹ̀, ihò tóóró kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n gún irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró mọ́lẹ̀. Ó ti ṣe ẹjọ́ àwọn ahúsàréè rí. Orí ni wọ́n máa ń gé, wọn a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èyí jókòó ṣa òkú bí ẹni ṣa ẹ̀wà.

Ó lọ bá ìyá arúgbó náà nínú ilé. Ìyá ní ìsìn Mẹ́tọ́díìsì gbé òun lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Àìkú, òun yà lọ́dọ̀ àbúrò òun, ilẹ̀ sì ti ṣú kí òun tó padà dé. Ó sọ bí ọkọ òun ṣe ti Ṣáínà wá ní ọ̀dọ́ láti máa tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan l'Óṣogbo, tó fẹ́ òun, tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, tí ọkùnrin náà sì di àgbẹ̀ kòkó. Ràṣídátù bi í bóyá ó sọ̀rọ̀ òkú ìlú wọn rí.

"Ó sọ ọ́," ni ìyá wí. "Ẹni tó bá kú sí ẹ̀yìn odi, àwọn ẹbí rẹ̀ á wá hú u lọ sílé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣà á lọ sókè, kí ó lè jókòó nínú ìkòkò bí alààyè. Wọ́n á ta agboòrùn bò ó, kí oòrùn má bàa rí eegun rẹ̀. Ó wá ní kí n má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún òun láéláé. Ẹ̀gbẹ́ mi lòun fẹ́ sùn sí."

Ràṣídátù rántí ihò tóóró yẹn. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, òjò kò kán.

"Màmá, ta ló tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Àkọ́bí mi nìkan."

Ọ̀sán ni Ọláìtán, àkọ́bí náà, wa ọkọ̀ rẹ̀ dé láti Ọ̀fàtẹ̀dó, tó ń bú Silas láti ìta. Ràṣídátù fi pẹ̀lẹ́ kí i, ó ní òun gbọ́ lẹ́nu màmá rẹ̀ pé ó lọ wá ìran bàbá rẹ̀ rí ní Ṣáínà. Ojú ọkùnrin náà tàn. Ó ròyìn gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ìran wọn sí lára ògiri, àyè bàbá òun nìkan ló ṣófo níbẹ̀, wọn kò sì ní ka òun sí àkọ́bí títí bàbá yóò fi padà.

"Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ìńsípẹ́kítọ̀," ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí bùùtù ọkọ̀ yín fún mi."

Ó béèrè ìwé àṣẹ. Kí Ràṣídátù tó fèsì, ìyá rẹ̀ ti jáde síta.

"Ọláìtán, ṣí i."

Ìkòkò ńlá kan ló wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Agboòrùn dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ pupa ṣì lẹ̀ mọ́ ṣóṣóró irin orí rẹ̀. Ìyá fọwọ́ kan ìkòkò náà, ó sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Olè tó ń sá kì í ṣa ọmọ ìka ẹsẹ̀," Ràṣídátù wí. "Kì í sì í ta agboòrùn nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀sán lo hú u, nígbà tí màmá rẹ wà ní Iléṣà tí Silas wà lóko. O mọ ibi tí ṣọ́bìrì wà, ọmọ ilé ni ọ́. Gbogbo ìyẹn, mo lè pè é ní ìfẹ́ bàbá. Ṣùgbọ́n màmá sọ fún mi pé òun pè ọ́ lórí fóònù láàárọ̀ pé wọ́n fẹ́ dáná sun Silas. Kí lo dá a lóhùn?"



"Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe olè," ìyá rẹ̀ bá a dáhùn.

Ìgbà náà ni Abdullateef, kọ́ńsítébù tó bá Ràṣídátù wá, kó ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ sí Ọláìtán lọ́wọ́. Kíá làwọn ará àdúgbò tún pé jọ, àwọn tó gbé táyà láàárọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ìńsípẹ́kítọ̀ fojú fò ó, kí ìyá ṣáà dárí ji ọmọ rẹ̀. Ràṣídátù yíjú sí ìyá, ó bi í bóyá ó fẹ́ kí òun tú u sílẹ̀.

Ìyá ti gbé ìkòkò náà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Èmi kọ́ ni wọ́n lù," ó wí. "Ẹ bi Silas."

Gbogbo ojú yí sí Silas. Ó fi ojú kan tó kù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"Ẹ mú un lọ," ó ní. "Kí ẹ sì padà wá mú àwọn yìí."