Òdòdó Funfun Kan Lórí Ìwé Ìdìbò

Ọmọbìnrin tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ síta bíi fọ́tò òkú wà láàyè. Ìyá rẹ̀ tó wo fọ́tò náà ló kú.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú ni ìdìbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ìlú Pokhara bẹ̀rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kóòdù ti wọ fóònù olùdìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé ìdìbò máa rí olùdíje méjì fún ipò ààrẹ. Ribesh Malla ló wà lókè, ó wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Pabitra Pariyar wà, nínú férémù onígíláàsì, òdòdó sísín lọ́rùn férémù, àmì pupa níwájú orí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ti kú nìkan ni wọ́n ń ṣe fọ́tò rẹ̀ báyẹn.

Kò pẹ́ tó fi dé abúlé wọn. Lalsari, aládùúgbò, gbé fóònù sáré tọ ìyá Pabitra lọ. Ìyá náà wò ó, ó ké, ó gba ọ̀nà àbùjá sá lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ògiri oko. Inú odò olókùúta ló já sí. Wọ́n sun òkú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò wá ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ tí eérú ìyá rẹ̀ kò tíì tutù. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló fi fọ́tò náà síbẹ̀ láti fi tọrọ àánú àwọn olùdìbò. Wọ́n ní kó wá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lé e kúrò nílé-ìwé. Ojú ò tì wọ́n!

Ọlọ́pàá rán Ìnsípẹ́kítọ̀ Tulasha Ghale. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, ẹ̀wà sóyà sísun kì í sì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Kò kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Abúlé ló gbà lọ.

Pabitra jókòó lórí ẹní ní igun ilé, ó wọ aṣọ funfun. Torí ọ̀fọ̀, ọjọ́ mẹ́tàlá ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ghale lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi ọ́ kò dùn, ṣùgbọ́n aago ń lọ. Ṣé ìwọ lo fi fọ́tò yẹn síbẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ta ló ní kóòdù tí wọ́n fi ń pààrọ̀ fọ́tò?"

"Èmi, àti aṣojú mi, Nirdesh Khadka. Ọ̀gbẹ́ni Rijal tó ń ṣètò ìdìbò náà ní gbogbo rẹ̀ nínú ìwé kan. Wọ́n gbà wá láyè títí di aago mẹ́wàá, torí àwọn olùdíje máa ń ráhùn pé fọ́tò àwọn ò rẹwà."

"Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n pààrọ̀ tìrẹ, nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Níbo lo wà?"

"Níbi ẹ̀rọ omi. Mò ń bọ́jú."

"Pẹ̀lú ta?"

"Èmi nìkan."

"Kò dáa."

"Mo mọ̀, mà."

Ghale yíjú sí Lalsari tó ń nu imú síbi aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀yin, mà. Nígbà tẹ́ ẹ fi fọ́tò náà hàn án, ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀?"

"Ká má rí i! Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni. Ó ti mọ́ ọn lára. Látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ní òun máa du ipò ààrẹ ni wọ́n ti ń pè é lórí fóònù láti dẹ́rù bà á. Lónìí, wọ́n ní Pabitra lóyún. Lọ́la, wọ́n ní mọ́tò pa á. Ìdílé aránṣọ ni wá, ìran tí wọn kì í gba omi lọ́wọ́ wọn, ta ló fẹ́ kí ọmọ aránṣọ ṣe ààrẹ lé òun lórí? Ó máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ṣe."

"Kí ló wá mú kó gba ti àná gbọ́?"

"Mi ò mọ̀, ìyá mi. Ṣe ló gba fóònù, ó fà á mọ́ ojú. Kò tiẹ̀ wo ojú ọmọ náà. Ara òdòdó ni ìka rẹ̀ wà. Ló bá ké."

Ghale yọ fóònù tirẹ̀, ó tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Òjìji òdòdó hàn lórí gíláàsì. Kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan to férémù, ó fi ọwọ́ gbé òdòdó kọ́ ọ, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Kì í sì í ṣe òdòdó pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń tà lọ́jà fún òkú. Makhamali ni, òdòdó kéékèèké aláwọ̀ àlùkò tí kì í rọ. Àwọn obìnrin ń sín in fún arákùnrin wọn nígbà ọdún Tihar, kí ikú má bàa wọlé tọ̀ wọ́n títí ọdún yóò fi yí po. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àlùkò, àfi ẹyọ kan láàárín tó funfun. Èyí tó tẹ̀ lé funfun náà ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó gbé ojú sókè. Makhamali àtèṣí kan wà lára ògiri, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Àlùkò, pẹ̀lú funfun kan láàárín.

"Ta ló sín ìyẹn?"

"Èmi ni mo sín in," Pabitra dáhùn, "màmá ló fi funfun sí i. Ó máa ń ní ikú á máa ka òdòdó bọ̀, tó bá dé orí funfun, ìṣirò á dà rú mọ́ ọn lójú, á tún bẹ̀rẹ̀." Ó nawọ́ sí ti ara ògiri. "Méjì la ṣe ní Tihar tó kọjá."

"Èkejì dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n ní ìwọ nìkan ni màmá ẹ bí."

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tí a jọ bí. Èmi ni mo fi àmì sí i níwájú orí, mo fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Ó di ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Pabitra mi orí pé rárá.

"Àbúrò, aago mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ lé ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ nílé wọn pé ó gba nǹkan lọ́wọ́ irú wa. Mo ti búra fún un. Kò sì lè jẹ́ òun. Ó jẹun nínú ilé yìí. Màmá ló bu oúnjẹ fún un."

Ghale dìde, kò tún bi í mọ́. Ó ti rí ohun tí ìyá náà rí. Òdòdó tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ló rí lọ́rùn fọ́tò ọmọ rẹ̀. Kò sí àjèjì tó lè ní irú rẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ náà ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ọ̀gbẹ́ni Lokmani Rijal gbé ìwé orúkọ àwọn olùdìbò síwájú rẹ̀ bí ẹni pé ọlọ́pàá fẹ́ jí i. Makhamali wà lókè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ta ló ṣe òdòdó yìí fún yín, sà?"

"Àbúrò mi obìnrin ni. Kí ló kan ọlọ́pàá níbẹ̀?"

Ghale wò ó yíká. Àlùkò ni gbogbo rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ gba fóònù àwọn olùdíje lánàá."

"Láti aago mẹ́sàn-án àbọ̀, kí wọ́n má bàa máa polongo. Inú apẹ̀rẹ̀ yìí ni wọ́n wà."

"Ti Pabitra dún?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà. 'Màmá' ló ń yọ lójú rẹ̀. Ariwo rẹ̀ dí mi lọ́wọ́, mo bá dojú rẹ̀ délẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ ò sì fún un?"

"Òfin ni, Ìnsípẹ́kítọ̀. Tí mo bá fún ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa fẹ́. Irú àwọn yẹn sì mọ ẹkún fi gba nǹkan."

Ẹ ò rí ayé! Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ètò kí gbogbo ọmọ lè rí ẹ̀tọ́ gbà. Ghale fọ́ ẹ̀wà kan lẹ́nu, ó jáde.

Ribesh Malla kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó. Wọ́n rí i tó ń jáde ní yàrá kọ̀ǹpútà kí aago mẹ́wàá tó lù, kò sì sẹ́.

"Fọ́tò mi ni mo lọ wò, mà. Imú mi ti tóbi jù."

"Imú ẹ ò kéré lóòótọ́. Ta lo bá níbẹ̀?"

"Èrò pọ̀. Ta ló ń ka orí?"

"Ṣé o ní arábìnrin?"

"Mẹ́rin, ọ̀kan ò gbádùn. Òdòdó ọjà ni wọ́n ń fi kọ́ mi lọ́rùn, kì í pé ọjọ́ méjì tó fi ń rùn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tẹ́tí, mà. Ṣé èmi ni mo máa pa á? Ẹ mọ iye ìbò tí òkú ń gbà? Nígbà tí aago mọ́kànlá fi máa lù, ó ti fi igba ìbò já mi sílẹ̀! Nígbà tó wà láàyè, wọn kì í bá a mu tíì nínú ife kan náà. Bó ṣe kú báyìí, gbogbo wọn di ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà rorò, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ghale gbà pé kì í ṣe Ribesh.

Nirdesh Khadka ń sunkún nígbà tí wọ́n mú un wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tínrín ni, ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ wádìí Ribesh, mà. Òun ló wà ní yàrá kọ̀ǹpútà."

"Kóòdù ńkọ́? Ribesh ò ní in."

"Bóyá Pabitra sọ bébà rẹ̀ nù. Ó máa ń gbàgbé nǹkan."

"Tìrẹ dà?"

"Ó wà nínú àpò mi, mà."

"Kí ni Pabitra jẹ́ sí ọ?"

"A jọ wà ní kíláàsì ni. Mò ń bá a lẹ pósítà."

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

"Ṣé o ní arábìnrin?"

"Rárá. Èmi nìkan ni wọ́n bí."

"Ta ló wá ń fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn ní Tihar?"

Omijé rẹ̀ gbẹ lójijì. "Kò sẹ́nì kan, mà. Mo máa ń jókòó wo àwọn tó ní ni."

Ghale pe Kọ́ńsítébù Purna sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Lọ wo yàrá ẹ̀. Má ṣe da ara ẹ láàmú lórí àkìtàn. Wo ibi téèyàn ń tọ́jú ohun tó ń bà á lẹ́rù sí."

Aago mẹ́rin lù. Ìgbìmọ̀ jókòó sídìí tábìlì gígùn. Pabitra dé nínú aṣọ funfun.

"Dúró sí ẹnu ọ̀nà," Rijal pàṣẹ. "Má wọlé pẹ̀lú ọ̀fọ̀."

Ó dúró síbẹ̀. Rijal bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tí wọ́n fi ń lé e kúrò nílé-ìwé. Ghale gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó jókòó lé e.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹni mẹ́ta ló ní kóòdù. Òdòdó tó wà nínú fọ́tò ní funfun kan láàárín. Méjì péré ni ìyá Pabitra ṣe. Ọ̀kan wà lára ògiri wọn, mo fi ojú mi rí i. Èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tó pè ní ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Rijal ní tiwọn lókè ilẹ̀kùn, kò ní funfun. Ó wá ku ẹnì kan tó ní kóòdù, tó sì sọ fún mi pé òun ò ní arábìnrin rárá."

Nirdesh fò dìde. "Ìyẹn ò fi hàn pé èmi ni! Mi ò ní òdòdó kankan!"

Purna wọlé. Aṣọ pupa kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ni, mà. Ó fi aṣọ mẹ́ta bò ó."

Ghale tú u sórí tábìlì. Àlùkò, pẹ̀lú funfun kan. Èyí tó tẹ̀ lé e fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gẹ́lẹ́ bíi ti inú fọ́tò.

"Mo mọ̀ pé o ò ní jù ú nù. Ẹni tó bá ju òdòdó yìí nù kí Tihar mìíràn tó dé, ó ti ṣílẹ̀kùn fún ikú. Ìyá gbogbo wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. O fi kéde ikú ọmọ ọlọ́mọ, o wá ń tọ́jú ẹ̀mí tìrẹ sínú àpótí."

Nirdesh jókòó padà. Kò sunkún mọ́.

"Wọ́n rí àmì náà níwájú orí mi nílé," ó ní. "Màmá mi ki wúrà bọ omi, ó wọ́n ọn sí mi lára lẹ́nu ọ̀nà láti wẹ̀ mí mọ́ kí n tó wọlé. Ará ilé wa kan ló tú u síta. Láti ọjọ́ yẹn, 'Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ' ni wọ́n ń pè mí. Nínú kíláàsì, ní ilé ìjẹun, lójoojúmọ́. Mo rò pé tí wọ́n bá rí Pabitra fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Mo tẹ fọ́tò rẹ̀, mo fi sínú férémù, mo fi òdòdó kọ́ ọ. Mo dúró di ìgbà tí aago fẹ́ẹ̀ lù, kí ẹnikẹ́ni má bàa ráyè tún un ṣe."

"Màmá mi ńkọ́?" Pabitra béèrè láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn.

"Mi ò tiẹ̀ rántí pé ó wà."

Purna kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Nirdesh buwọ́ lù ú. Wọ́n ya fọ́tò òdòdó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Rijal wúkọ́ díẹ̀. Ó ní wọ́n máa tún ìdìbò náà dì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Pabitra bá ṣì fẹ́ díje.

"Fọ́tò mi àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ lò," Pabitra sọ.

Ó wá rìn wọlé. Rijal la ẹnu, Ghale wò ó, ó pa á dé. Pabitra mú òdòdó náà lórí tábìlì.

"Àbúrò mi," Nirdesh kígbe, "jọ̀ọ́! Má já okùn rẹ̀! Tihar ku oṣù márùn-ún!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ghale yíjú sí fèrèsé, ó ń wá ẹ̀wà nínú àpò rẹ̀. Pabitra fi eyín já okùn náà. Ó yọ ẹyọ funfun kan ṣoṣo.

"Ti màmá mi nìyí," ó ní. "Ìyókù tìrẹ ni."

Ó da ìyókù sílẹ̀, ó jáde. Wọ́n fọ́n ká sábẹ́ tábìlì. Lórí eékún ni Nirdesh wà nígbà tí Purna ń dúró dè é pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n.