Sátidé Karùn-ún

Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀ láàárín ẹrẹ̀ ọ̀nà ọjà Ìfọ̀ bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà nìyẹn. Ojú ò tì í rárá. Ó gbórí sókè, ó ń kí ará ọ̀tún, ó ń kí ará òsì. Sàhéèdì aránbàtà gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rí i, ó sì fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gbá ìṣó. Ọdún 1988 ni, òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an kíákíá," ọmọbìnrin náà wí. "Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò gbọdọ̀ rí mi báyìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, tíṣà. Ẹsẹ̀ yín kan ń lọ síléèwé, èkejì ń lọ sóko."

"Bàtà ni mo ní kí ẹ rán. Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀."

Nùsírátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alàájì Mùsáfírù tó ń ta pákó ní Ìfọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó tún gbé bàtà mìíràn tó já wá. N ò ní purọ́ fún yín: bàtà náà kò já fúnra rẹ̀, abẹ ló fi gé e. Kí oṣù tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Sàhéèdì kì í sì í lè jẹ ọ̀sán mọ́ àfi tó bá rí i kó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá.

Ọmọ Adó-Àwáyè ni Sàhéèdì, lọ́nà Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ìfọ̀, yàrá kan ló gbà nílé Bàbá Mùíbì. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé, ó sì ti tó ọdún kan àbọ̀ tó ti rí i kẹ́yìn. Iṣẹ́ pọ̀, ohun tó máa ń sọ nìyẹn.

"Omi ńlá kan wà lórí òkè lọ́dọ̀ wa," ó sọ fún Nùsírátù lọ́jọ́ kan. "Lókè téńté. Kì í gbẹ."

"Ta ló pọn ọ́n débẹ̀?"

"Ọlọ́run ni."

"Irọ́ rẹ pọ̀, àyànfẹ́ mi. Ojú ara mi ni màá fi rí i."

Nígbà tí ìyá gbọ́ pé Sàhéèdì ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́, ó rán awakọ̀ kan sí i: "Ẹ ní kó mú ìyàwó mi wá. Èmi fúnra mi ni màá mú un gun òkè kó lọ rí omi. Bí ìyá ọkọ mi ṣe ṣe fún mi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Alàájì Mùsáfírù, inú rẹ̀ ò dùn. "Ayálégbé oníyàrá kan! Ta ló mọ baba rẹ̀? Àwọn ará Mòwé tó ń tọrọ rẹ fún ọmọ wọn, a mọ ilé wọn, a mọ ọ̀nà wọn." Ìyá Nùsírátù bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn ni baba wá ní, "Ó dáa. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà, kó lọ rí ilé náà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sàúdátù sì bá wọn lọ. Ọjọ́ kejì rẹ̀ làwọn ará Mòwé ń bọ̀. Bí ìrun mọ̀gáríbì ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n yẹn ò bá bá a nínú ilé yìí, màá ti mọ irú ẹni tí ọkùnrin yẹn jẹ́. Màá sì dá àwọn ará Mòwé lóhùn."

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ṣètò ìrìn àjò náà! Ẹ̀yìn páálí bàtà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Aago márùn-ún àbọ̀, gáréèjì. Aago mẹ́sàn-án, Adó-Àwáyè. Wákàtí kan láti gun òkè, nítorí òkè náà le, àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Wákàtí kan lẹ́bàá omi. Kí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ ní aago méjìlá, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wọkọ̀. Sàhéèdì gé táyà ògbólógbòó, ó fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà fún Nùsírátù kó má baà yọ̀ lórí àpáta.

"Mama ńkọ́? Ṣé bàtà tiwọn náà wà?"

"Mama? Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gùn ún. Ara tìẹ ni kó o máa rò."

"Tó bá rẹ̀ mí ńkọ́?"

"Màá pọ̀n ọ́."

"Lójú ìyá rẹ? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

Láyé ìgbà náà, Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ sànìtéṣàn. Láti aago méje àárọ̀ dé mẹ́wàá, mọ́tò kì í rìn, oníkálùkù ní láti dúró gbálẹ̀ àyíká rẹ̀. Bàbá Mùíbì lándílọ́ọ̀dù ò ní kàlẹ́ńdà. Ìka ló fi ń ka Sátidé, tó bá sì ti ka mẹ́rin, oṣù ti parí lójú tiẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ó lé gbogbo ayálégbé síta kí wọ́n lọ gbẹ́ gọ́tà. Sàhéèdì gbẹ́ gọ́tà títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ó sì gbà pé sànìtéṣàn oṣù náà ti kọjá. Àṣé Sátidé márùn-ún ni oṣù náà ní.

Nùsírátù ní tiẹ̀ gbọ́ ìró mọ́tò lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ kejìlélógún yẹn. Ara fu ú pé sànìtéṣàn gan-an ò tíì kọjá. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ò fún un ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá lanu sọ ọ́, ìrìn àjò náà á forí ṣánpọ́n. Ó dákẹ́.

Aago méje ku díẹ̀ ni wọ́n dé Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Awakọ̀ kankan ò fẹ́ ṣí mọ́tò. "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé òní ni sànìtéṣàn ni?" Wọ́n na ìgbálẹ̀ sí Sàhéèdì, òun àtàwọn èrò yòókù gbá gáréèjì. Sàúdátù, tó wà nínú oyún, ní òun ò bá ẹnikẹ́ni gun òkè kankan lọ́sàn-án gangan, ó lọ jókòó dè wọ́n nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá kí ọkọ̀ tó kún. Aago méjì ku díẹ̀ ni wọ́n dé Adó-Àwáyè.

Ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí. Ó ró aṣọ tó dáa jù, ó wé gèlè, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Nùsírátù kúnlẹ̀, ìyá gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń rẹ́rìn-ín. Iyán tó gún dè wọ́n ti tutù.

Sàhéèdì wo aago, ó wo òkè. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ò lè gùn ún lónìí mọ́. Bí a ò bá tètè padà, wọ́n á fi ọmọ yìí fún ẹlòmíràn. Oṣù tó ń bọ̀ la máa wá, ọjọ́ méjì gbáko la máa lò."

"Kò burú, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Oṣù tó ń bọ̀ ò jìnnà."

Sàhéèdì sáré lọ sójú títì lọ wá ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá fa Nùsírátù mọ́ra, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, ó ní kó má sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi fun fèrè. Gbogbo ìgbà tí wọ́n lò níbẹ̀ ò tó wákàtí kan.

Wọ́n yà mú Sàúdátù ní Abẹ́òkúta, ìrun mọ̀gáríbì sì bá wọn nílé. Alàájì gbà pé Sàhéèdì dúró lórí ọ̀rọ̀, nígbà táwọn ará Mòwé sì dé lọ́jọ́ kejì, ó dá wọn padà tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Ìdùnnú náà ò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ránṣẹ́ sí Sàhéèdì lọ́jọ́ Túsìdé kan pé ìyá rẹ̀ sùn, kò jí. Kó tó délé, wọ́n ti sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Ó padà sí Ìfọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán bàtà, ṣùgbọ́n ó gbójú kúrò lára Nùsírátù. "Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà," ló ń kí i báyìí. "Ẹ" yẹn dun Nùsírátù ju èébú lọ. Alàájì Mùsáfírù fúnra rẹ̀ wá bá a kẹ́dùn, ó jókòó lórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé.

"Mo gbọ́ pé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi lẹ ṣe sáré padà," ó wí. "Kí ló dé tí ẹ ò sùn síbẹ̀? Màá bínú, òótọ́ ni. Ìbínú mi ò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ rí."

Sàhéèdì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Nùsírátù wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Sàhéèdì, wò mí."

"Tí mo bá wò yín, òkè yẹn ni mò ń rí. Mama múra, wọ́n wé gèlè, mo ní kí wọ́n dúró doṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ gun òkè kẹ́yìn, èmi ni mo dí wọn lọ́wọ́."

"Wọn ò lè gun òkè."

Ó gbójú sókè.

"Ọdún mẹ́ta ni ẹsẹ̀ wọn ò ti gbé wọn dé ìdí òkè, ká má tíì sọ orí rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi létí nìyẹn. Wọ́n ní, 'Òkè ni mo fi pè é. Bí mo bá ní kó wá wò mí, á ní iṣẹ́ pọ̀. Mo rò pé tí ẹ bá rí i pé mi ò lè gùn ún, ẹ ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ á fi ṣú.' Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, kó má baà dùn ọ́."

Bàtà tó wà lọ́wọ́ Sàhéèdì bọ́ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ le. "Ẹ mọ̀, ẹ sì gbé báàgì yín?"

"Mo mọ̀, mo gbé báàgì mi. Ara ti fu mí nípa sànìtéṣàn yẹn náà, mo dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù rẹ. Bú mi tó o bá fẹ́, ṣáà má pè mí ní 'ẹ'."

Ó fẹ́ bú u. Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan àbọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀, ta ló rán an? Wákàtí kan péré ni Nùsírátù jẹ̀bi rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àbámọ̀ yìí sì tó ẹni méjì í gbé. Sàhéèdì bú sẹ́kún, Nùsírátù dì í mú, òun náà ń sunkún.

"Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?" Sàhéèdì bi í nígbà tó yá.

"Ìgbà wo ni mo sọ pé mi ò fẹ́ ọ mọ́?"

Wọ́n so yìgì wọn ní Ìfọ̀ nínú oṣù Èrèlé. Alàájì ṣàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya náà wọkọ̀ lọ sí Adó-Àwáyè, wọ́n gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà ìyá, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n sì ṣe àdúà fún un. Ọ̀sán pọ́n, òòrùn yí, wọn ò dìde. Obìnrin àdúgbò kan tó ń ti oko bọ̀ dúró kí wọn.

"Ẹ kú ìnáwó o, a gbọ́. Ṣé òkè lẹ wá gùn?"

"Rárá, mà," ni Sàhéèdì dáhùn. "A wá jókòó ti Mama ni."