Ìyá Ìyàwó Mi Lára Ògiri

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Omi lásán ni mo mu lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn, kó mọ̀ pé orí kunkun tèmi ju tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mo fi jẹun títí eegun èjìká mi fi ní ó tó. Àwa tí à ń kun ilé kì í ra ọ̀dà kun ilé tiwa. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ agolo la máa ń kó jọ, kí a pò ó pọ̀. Ìyàwó mi ní funfun ni òun fẹ́ ní pálọ̀. Mo ní ohun tí agolo bá fún wa la máa kùn. Agolo fún wa ní àwọ̀ ewé, bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìyàwó mi wò ó, ó pòṣé. Mo ní yóò mọ́ ọn lára.

Àwọn ọmọńlé ló kọ́kọ́ mọ́ lára. Àwọ̀ wọn dà bí eérú tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di àwọ̀ ewé. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Mo ti kà á nínú ìwé tí mo fi kọ́ ìwé kíkà lọ́jọ́ ogbó: tata inú koríko tútù a máa ní àwọ̀ koríko tútù, ti inú koríko gbígbẹ a sì dà bí èèpo gbígbẹ. Bí ẹranko ṣe ń bá ibùgbé rẹ̀ mu nìyẹn, kí ohun tó fẹ́ jẹ ẹ́ má baà rí i.

Ìyá ìyàwó mi ni kò sí nínú ìwé náà.

Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Mo pẹ́ kí n tó gbéyàwó, nítorí náà èmi àti Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó máa ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í mira. Ó kàn ń wò wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi káfíńtà wá wọn ilẹ̀kùn wa tó ń há. Ilé dákẹ́. Oòrùn dúró lójú fèrèsé. Kò sí ìró kankan àfi ti aago ògiri. Káfíńtà nu ojú rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn, ó jókòó.

Àga náà sọ̀rọ̀.

“Káfíńtà, dìde lórí itan mi.”

Ó dìde. Kò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Fèrèsé ló gbà. Títí di òní, kò tíì wá mú tépù tó fi ń wọn ilẹ̀kùn.

Mo sún mọ́ àga náà. Ojú méjì ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, eyín. Nígbà tó yá ni mo wá rí Ìyá lódindi. Àwọ̀ ewé ni, láti orí dé ẹsẹ̀. Kódà, aṣọ rẹ̀.

“Ìyá, kí ló dé?”

“Kí ló dé sí kí ni?”

“Ara yín.”

“Ara mi le. Tiyín ńkọ́, àna mi?”

Nígbà tí ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló bá mi sọ, kò bá mi sọ òmíràn.

“Bàbá, ẹ fẹ́ fi àjẹkù agolo pa ìyá mi rẹ́.”

“Ọ̀dà gidi ni. Ìwọ ni o ò mọyì rẹ̀.”

“Tí ògiri yìí ò bá funfun kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé, mo máa mú ìyá mi, a máa kúrò nílé yìí. Kí ẹ̀yin àti ọ̀dà yín máa bára yín gbé.”

Mo ta kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, mo rí i tó ń sọ àpótí kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó pẹ́ gbéyàwó bíi tèmi, àpótí a máa dẹ́rù bà á ju iwin lọ. Mo lọ ra ọ̀dà funfun. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí mo kùn ún tán, Ìyá yọ kedere, bí ewé tó já sórí aṣọ funfun. Inú wa dùn. Àwọn ọmọńlé náà yọ kedere. Inú ológbò aládùúgbò ló dùn sí ìyẹn. Ó wọlé, ó jẹ wọ́n yó. Àwọn tó yè bọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Láti orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi ní òun ò dúró de àwọ̀ kankan mọ́, àwọn ń lọ. Ó di ẹrù, ó kó o sẹ́nu ọ̀nà, ó wá wọ pálọ̀ láti mú ìyá rẹ̀. Àga ṣófo. Ó pè é. Ó fọwọ́ tọ ògiri láti igun dé igun, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Ògiri nìkan lọwọ́ rẹ̀ ń bà.

“Bàbá,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.”

Mo dúró láàárín pálọ̀. Òórùn ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀. Mo rántí ohun tí ìwé sọ síwájú sí i, pé ẹranko mìíràn wà tí kì í ṣe ìbẹ̀rù ló ń mú un fara pamọ́. Ó ń fara pamọ́ kí ohun tí òun fẹ́ jẹ má baà rí òun.

“Ìyá,” mo ní, “ṣé nǹkan kan ń lé yín ni, àbí ẹ̀ ń ṣọ́ nǹkan?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré, bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kò ti ibi àga wá. Ẹ̀yìn ọrùn mi ló ti wá.

“Àna mi,” ó ní, “ìwé tí ẹ̀ ń kà yẹn ń ṣe yín láǹfààní.”

Ìyàwó mi ti tú ẹrù rẹ̀. Kò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì lè gbé ohun tí kò rí. Mo borí nìyẹn, tí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Àwo mẹ́ta là ń gbé kalẹ̀ lọ́sàn-án. Èmi àti ìyàwó mi ń jẹ nínú méjì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mọ́ fóo.

Ológbò kì í wọlé wa mọ́. Àwọn ọmọńlé funfun náà ti lọ. Ìṣojú mi ni wọ́n tò gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, wọ́n ń kánjú, kò sí èyí tó wẹ̀yìn.

Èmi ò lọ síbì kankan. Ilé mi ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbé àga mi síta, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ gbà.