Ìlà Inú Afẹ́fẹ́

Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí páànù. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Aláàlá gbójú sókè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń fò kọjá lókè orí wọn, láti ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ wáìfáì kékeré kan tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo íńtánẹ́ẹ̀tì, ló gbé ẹ̀rọ náà kọ́ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin ló wà tẹ́lẹ̀, irin sì ń dí i lọ́wọ́. Àǹtí tún yí i kúrò lójú ọ̀nà tí wáìfáì gbogbo àdúgbò ń rọ́ gbà. Aláàlá ló bá a di àkàbà mú.

"Àǹtí mi, ṣé yóò sáré báyìí?"

"Á sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á dúró. Mo ti pín in dọ́gba. Má fọwọ́ kàn án o!"

Aláàlá ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò gbọ́ nǹkan kan! Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ ìwọlé tí Àǹtí ń tẹ̀ láti wọ inú ẹ̀rọ náà. Ìdánwò yìí ni wọn yóò fi mú àwọn tó ń lọ sí iléèwé ńlá tó ti ń wù ú láti ọjọ́ pípẹ́. Bí Àǹtí ṣe jáde lọ fọwọ́, ó wọlé sórí ẹ̀rọ náà, ó sì fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ síwájú gbogbo ìlà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú ìdánwò náà ní kí kálukú ya fídíò ara rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Ti Aláàlá lọ wẹ́rẹ́. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún òmíràn yà, ó tún fi ránṣẹ́, ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí.

"Ọ̀rẹ́, tèmi ò lọ o!" Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, ló ń sunkún. "Ó kàn ń yí kiri ni. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún!"

Aláàlá mọ̀ pé fídíò òun ló ń dí ọ̀nà. Ó fẹ́ dọ́gbọ́n dá ìlà padà, ṣùgbọ́n ìdánwò ti ti gbogbo ojú-ewé mìíràn pa lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dìde, ó ké sí Àǹtí tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fi ara mi síwájú! Ẹ tètè dá a padà!"

Àǹtí wò ó, ó sì ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kíákíá. Díẹ̀díẹ̀, fídíò àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ti Ẹlẹ́rìn-ín lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀gá àgbà tó ń darí ìdánwò fagi lé ìdánwò Aláàlá lójú gbogbo wọn. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ẹlẹ́rìn-ín wá jókòó tì í.

"Ìwọ lo dá tèmi dúró, ìwọ náà lo jẹ́ kó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bá ẹ wí àbí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Bá mi wí nítorí èyí àkọ́kọ́," ni Aláàlá dáhùn. Ó ti yé e wàyí: nínú ohun tí a jọ ń lò, ẹni tó bá mú ju ìpín tirẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹnì kan ló ti já a gbà. Ẹni yẹn sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni.