Òróró Etí Aṣọ Màríà

Lọ́jọ́ tí Ọmọ Ayàwòrán kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, gbọọrọ ló nà sílẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ bàbá ọmọbìnrin náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lórí ilẹ̀, ojú kan padé, ẹnu là sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Ọmọbìnrin náà kígbe débi pé àwọn ẹyẹ orí òrùlé gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ. Kò béèrè, kò wádìí. Ó gbé garawa omi tí wọ́n fẹ́ fi fọlẹ̀, ó dà á lé e lórí.

Ọkùnrin náà fò sókè.

"Ẹ ṣeun o, àǹtí," ó ní, omi ń kán nímú rẹ̀. "Mo ní kí n wo àwòrán yìí láti ẹ̀gbẹ́, bóyá ó ti gbẹ. Ní báyìí, èmi gan-an ni wọ́n máa sá sóòrùn."

"Ṣé ẹni tó ń wo àwòrán ló ń ṣe bí òkú báyẹn?"

"Ẹ wo ojú Màríà yìí dáadáa. Ẹ̀yin náà á ṣubú."

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kíkun fáníìṣì, ohun tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà kó má bàa ṣá, sórí àwòrán àwọn ẹni mímọ́. Bàbá ọmọbìnrin náà ló ń ya wọ́n sórí pákó fún àwọn ilé ìjọsìn, ó sì mọ̀ ọ́n yà débi pé ẹlẹ́ṣẹ̀ á ti kúnlẹ̀ kó tó rántí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Màríà tó gbé ọmọ lọ́wọ́, tí ìjọ kan fẹ́ gbé kọ́ sínú ilé ìjọsìn wọn tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n bá fi òróró pò kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kánjú kun fáníìṣì lé e ní tútù, yóò sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò kan etí aṣọ Màríà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Kò tíì yá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní. Àwòrán ló ń bá sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin ló ń wò.

Bó ṣe di pé ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Ó sọ ọmọbìnrin náà ní Olómi. Òun náà sọ ọ́ ní Alátàǹpàkò.

"Olómi, ṣé o ti pọn tèmi sílẹ̀ lónìí?"

"Dùbúlẹ̀ ná, kí o rí i."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ògiri á fi máa di ìhà mú. Wọ́n ti wó ilé yẹn báyìí, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí òórùn tọpintáìnì, omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà lára búrọ́ọ̀ṣì, bá gba imú Ọmọ Ayàwòrán kọjá, inú àwọn ọ̀sán yẹn náà ló ń padà sí: oòrùn tó ń yọ́ wọlé lójú fèrèsé, eruku tó ń jó nínú rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan tó ń pè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí kò sọ fẹ́nì kan ni pé, kí ọkùnrin náà tó dé, ó máa ń ti ìka bọ òróró, á fi pa etí aṣọ Màríà. Àtàǹpàkò á lẹ̀. Iṣẹ́ á sún síwájú. Ìfẹ́ á tún rí àyè jókòó.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó ń wé wọn sínú aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wé ọmọ tuntun.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń kó wọn nílẹ̀ ni. Látìgbà èwe mi ni mo ti ń po ọ̀dà, kò sí èyí tó kọ̀ láti gbẹ rí. Ọwọ́ mi ti bàjẹ́, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ gbì.

"Ọwọ́ yín ò bàjẹ́, Bàbá. Èmi ni mò ń fi òróró pa á, kí Alátàǹpàkò má bàa lọ."

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já àwọn ẹni mímọ́ lórí ìṣó. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Alátàǹpàkò wọlé. Bàbá gbé ẹ̀rín náà mì lójijì.

"Ìwọ, tí àtàǹpàkò rẹ gbọ́n ju orí ẹlòmíì lọ, ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n ń fi òróró pa á?"

"Mo mọ̀, sà. Àárín ti gbẹ bí eegun, etí nìkan ló ń tutù. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ á tán, n ò sì ní ríbi tẹsẹ̀ bọ ilé yín mọ́."

"O wá ń wò mí, mò ń fura sọ́wọ́ ara mi! Jáde!"

Ó jáde. Ẹkún tí Olómi sun lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lè léfòó lórí ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ṣíṣí ilé ìjọsìn kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́lòmíì tí Bàbá lè fọkàn tán. Ó ránṣẹ́ pe Alátàǹpàkò.

"Iṣẹ́ nìkan ni mo pè ọ́ fún. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn fẹ́ kó máa dán bíi dígí."

Ọkùnrin náà mú pákó kékeré méjì jáde, èyí tó ti kun fáníìṣì sí nílé. Ọ̀kan ń dán, èkejì ò dán. Ó tan àbẹ́là síwájú wọn. Èyí tó dán ń kọ mànà bí orí apárí lọ́sàn-án gangan. Iná àti imú ara ẹni nìkan lèèyàn ń rí nínú rẹ̀.

"Bí mo bá kun eléyìí, sà, èmi ni gbogbo ìjọ á máa yìn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní rí ojú Màríà, wọn ò sì ní rí ibi tí ọwọ́ yín gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí n kun èyí tí ò dán. Màá lọ bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́ fúnra mi."

"Wọ́n á ní o ò ṣe nǹkan kan."

"Kí wọ́n máa wí, sà."

Wọ́n fi òwú nu òróró kúrò, wọ́n dúró títí etí aṣọ náà fi gbẹ dénú. Wọ́n wá ti fèrèsé kí eruku má bàa wọlé. Olómi di àtùpà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, olúkúlùkù há èémí sínú. Búrọ́ọ̀ṣì ń lọ, kò padà síbi tó ti gbà. Bó ṣe ń lọ ni aṣọ Màríà ń jí, tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ń jìn sí i bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ibi tí ọwọ́ Bàbá ti kàn ń yọjú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá wúkọ́, ó yíjú sí Alátàǹpàkò.

"Ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ ń bọ̀ wá rí mi?"

Kí Alátàǹpàkò, tí ẹnu rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ títí òkúta á fi dáhùn, tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, Olómi ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọ̀la ni, Bàbá," Olómi dáhùn.

"Ṣé ìwọ ni ẹbí rẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."