Àlejò Aago Mẹ́rin

Gaàrí kún ẹnu Yéwándé lọ́sàn-án ọjọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe wàhálà wọlé. Orí àga gbọọrọ tó wà níwájú ilé ìyá ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Òkèrèwè ló jókòó sí. Abọ́ tánńganran wà láàrin òun àti Ìyá Àgbà, èpà wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì kí wọn kú ìjókòó. Yéwándé kò tilẹ̀ gbójú sókè dáadáa. Ó ní, “Ẹ wá jẹun o, bàbá,” bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa ń sọ ọ́.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń lọ. Ẹni tó ń jẹun á ní ẹ wá jẹun, ẹni tó ń kọjá á ní á gba ibi ire, oníkálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń wo ìsàlẹ̀ abọ́ kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá yìí kò sọ pé á gba ibi ire. Ó dúró, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” ó sì jókòó. Kí Yéwándé tó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, Ìyá Àgbà ti na ṣíbí kan sí i.

Kí ẹ tó pe Yéwándé ní ahun, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí fún un lọ́dún 1994 yẹn. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, wọ́n sì ti sún ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Epo pẹtiróòlù di àwátì, nítorí náà àwọn òbí rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ kò rí ọkọ̀ wọ̀ wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí kò tíì fojú kan ìyá rẹ̀. Iná ìjọba lọ, kò rántí ọ̀nà ilé mọ́. Òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó fọ̀ láti ọjọ́ Ajé ti ń rùn lórí okùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Láràárọ̀ ló ń ṣí ìwé ìṣirò, láràárọ̀ náà ló ń pa á dé. Gbogbo nǹkan ló sú u. Bí wọ́n bá tún bi í pé kí ló sú u, ìbéèrè yẹn náà á sú u.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò sú u. Bí aago mẹ́rin bá ti ń lọ lù, Ìyá Àgbà á bu omi láti inú àmù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi tó tutù débi pé eyín á máa ta èèyàn. Á da gaàrí sí i, á fi ṣúgà díẹ̀ sí i, á wọ́n èpà lé e lórí. Wọn kò ní sọ̀rọ̀ ìdánwò, wọn kò ní sọ̀rọ̀ epo. Wọ́n á kàn máa mu gaàrí, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá. Fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn Yéwándé á balẹ̀, ayé á dà bí ibi tí èèyàn lè gbé. Ohun tí bàbá yìí wá jókòó tì nìyẹn.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Oyèlárán lorúkọ rẹ̀, aago ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ẹnuwá, kò sì fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ rí. Ó ní iṣẹ́ kò sí mọ́, nítorí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ kò bìkítà bóyá aago rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò jẹun púpọ̀, ká sòótọ́. Ṣíbí márùn-ún, mẹ́fà, ó ti tó o. Ṣùgbọ́n Yéwándé ń ka ṣíbí náà. Ohun tó tún wá dùn ún jù ni pé Ìyá Àgbà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bàbá náà. Àwọn méjèèjì á máa rántí àwọn tó ti kú tipẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ọmọ tó ni gaàrí á wá dà bí àlejò lórí àga ara rẹ̀.

Yéwándé gbọ́n ọgbọ́n tirẹ̀. Ó fi èpà pamọ́ sábẹ́ ìró, Ìyá Àgbà béèrè èpà, ó sì di dandan kó mú un jáde lójú àlejò. Lọ́jọ́ mìíràn, ó tètè po gaàrí nígbà tí aago mẹ́rin ṣì jìnnà, òun àti Ìyá Àgbà mu ún tán, ó fọ abọ́ mọ́ tónítóní. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, bàbá dé, ó jókòó ti abọ́ òfìfo. Ìyá Àgbà dìde, ó lọ po òmíràn. Gaàrí tó yẹ kí wọ́n mu lọ́jọ́ kejì ni wọ́n mu lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n Yéwándé sì di òfò.

Ó wá bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n kúkú máa jẹun nínú yàrá. Ìyá Àgbà wò ó títí.

“Ta ló pè é, ìyá mi?” ó bi í. “Ọ̀rọ̀ lẹyin, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.”

“Ìyá mi” ni Ìyá Àgbà máa ń pè é láti kékeré. Oṣù tí ìyá tó bí Ìyá Àgbà kú ni wọ́n bí Yéwándé, wọ́n sì gbà pé màmá ló padà wá. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Yéwándé fẹ́ràn oyè yìí gan-an, pàápàá bí iṣẹ́ ilé bá pọ̀, nítorí kò yẹ kí èèyàn máa rán ìyá rẹ̀ níṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí bàbá ti ń wá, ọjọ́ kan burú fún Yéwándé láti àárọ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tò fún kẹrosíìnì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó tò títí oòrùn fi là, òjò wá lé oòrùn lọ, òjò pa á. Nígbà tó ku ẹni méjì kó kàn án, ẹni tó ń tà á ní ó ti tán. Bó ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo bọ̀ wálé, ó pàdé ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó sọ fún un pé wọ́n tún ti sún ìdánwò síwájú. Ìgbà kẹta nìyẹn.

Ní aago mẹ́rin, ó ti kún fọ́fọ́. Kò tíì fọwọ́ kan ṣíbí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó bú kẹrosíìnì, ó bú òjò, ó bú àwọn olùkọ́, ó bú àwọn tó jẹ́ kí olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó bú àkùkọ aládùúgbò tó ń kọ nígbà tí kò yẹ kó kọ. Ìyá Àgbà ń ní hùn-ún, ó ń jẹ èpà. Nígbà tí Yéwándé dákẹ́ láti mí, Bàbá Oyèlárán wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún,” ó ní.

Yéwándé béèrè pé kí ló gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

“Ìráhùn rẹ ni. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni tàná. Ó ti ń dín kù.”

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé èpà fẹ́ẹ̀ há a lọ́fun. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, bóyá Yéwándé náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì tutù fún òjò, inú sì ń bí i. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ó kọjú sí bàbá.

“Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ wá jẹun?”

Ẹ̀rín Ìyá Àgbà dúró. Bàbá Oyèlárán fi ṣíbí lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń fi irin aago lélẹ̀.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ ọ́ sí mi lójú ọ̀nà, èmi náà á sì ní á gba ibi ire. Ọjọ́ tí o sọ ọ́ yẹn ló pé ọdún méjì tí ìyàwó mi kú. Mo rò ó pé bí mo bá kọjá níbí, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ sí mi nílé. Ni mo bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.”

Ó dìde, ó dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó sì lọ.

Yéwándé ń retí pé kí Ìyá Àgbà pariwo lé òun lórí. Kò pariwo. Ó kó ṣíbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́, ó gbé e sọ́wọ́.

“Wọ́n ní ìyá mi ló padà wá,” ó ní. “Ìyá mi kò lé ẹni tó ń jẹun rí. Ó dà bíi pé a ṣi orúkọ náà sọ.”

Bí wọ́n bá gbá a létí, ì bá sàn fún un ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Láti ọjọ́ náà, Yéwándé ni Ìyá Àgbà ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago mẹ́rin lù, Ìyá Àgbà ní ebi kò pa òun. Yéwándé nìkan po gaàrí, ó nìkan jókòó níwájú ilé. Gbogbo èpà di tirẹ̀, gbogbo ṣúgà di tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ka ìráhùn rẹ̀. Ohun tó ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, ó sì ti rí i gbà. Ó mu ṣíbí mẹ́rin, ó rí i pé ojú ọ̀nà Ẹnuwá lòun ń wò. Gaàrí náà ti wú, kò sì dùn. Ó bínú sí gaàrí, ó bínú sí bàbá tó yí ọ̀nà tó ń gbà padà, nígbà tó yá ó wá bínú sí ẹni tó yẹ kó bínú sí.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó fẹ́ ráhùn nípa òjò, kò rí ẹni tó máa ráhùn fún. Ìgbà yẹn ló yé e pé ẹni tó mọ iye ìṣẹ́jú tí èèyàn fi ráhùn láná àti lónìí, gbígbọ́ ló ń gbọ́. Nínú gbogbo ìlú, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ tirẹ̀ délẹ̀ báyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó bu omi àmù sínú ike ọlọ́mọrí, ó di gaàrí àti èpà sínú ọ̀rá, ó mú ṣíbí mẹ́ta, ó sì gba Ẹnuwá lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju kí èèyàn méjì dúró lọ. Aago kún ara ògiri, oníkálukú ń sọ àkókò tirẹ̀. Bàbá Oyèlárán fi awò kékeré sí ojú kan, ó tẹ orí ba. Yéwándé kúnlẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́, bàbá sì dáhùn dáadáa, kò lejú.

“Ẹ wá jẹun, bàbá,” ó ní.

“Á gba ibi ire, ọmọ mi.”

Láti ìgbà tó ti ń gbọ́ ìdáhùn yẹn láyé rẹ̀, kò mọ̀ pé ó lè dun èèyàn. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kí bàbá dárí ji òun, ó ní ìbínú ló ń dà òun láàmú, kì í ṣe gaàrí. Bàbá ní kò sí nǹkan kan, kó dìde. Kò dìde.

“Bàbá, ẹ má fi ẹnu lásán dá mi lóhùn,” ó ní. “Èmi kò fi ẹnu lásán pè yín lónìí.”

Bàbá yọ awò lójú. Nínú gbogbo aago ara ògiri, ó mọ èyí tó ń sọ òótọ́, òun ló wò.

“Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú,” ó ní. “Ìyá Àgbà ńkọ́?”

“Wọ́n ní ebi ò pa wọ́n. Ó di ọjọ́ kẹrin lónìí.”

Bàbá kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì jọ forí lé Òkèrèwè. Nígbà tí wọ́n dé, Ìyá Àgbà wà lórí àga gbọọrọ, bíi pé kò retí ẹnikẹ́ni. Ó kí bàbá, ó gba ike lọ́wọ́ Yéwándé, ó da omi inú rẹ̀ sídìí òdòdó. Ó ní omi tó ti rìn dé Ẹnuwá kò lè tutù mọ́. Ó wọlé, ó bá àmù lọ.

“Ìyá mi,” ó pè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, “mú abọ́ ńlá wá.”

Mi ò ní purọ́ fún yín pé nǹkan yí padà lọ́jọ́ náà. Kẹrosíìnì kò dé, àwọn olùkọ́ kò wọlé, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń rùn. Ìdánwò dé lọ́jọ́ tó wù ú, Yéwándé sì jókòó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kò sí bí ọjọ́ ṣe lè burú tó tí kò ní ní wákàtí kan tó dùn nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ ti gaàrí àti omi tútù. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ kó má fi ìkanra bà á jẹ́, kó má sì rò pé bí òun bá lé ẹnìkejì lọ ni yóò fi tó òun. Adùn rẹ̀ kò sí nínú abọ́ nìkan.

Òjò tún ṣú bí wọ́n ṣe mú ṣíbí. Yéwándé wo ojú ọ̀run, ó wo aṣọ rẹ̀ lórí okùn, ó fa èémí gígùn. Bàbá Oyèlárán ti yí ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti tẹjú mọ́ aago.

“Ó yá,” ó ní. “Bẹ̀rẹ̀. A ń gbọ́ ọ.”