Èéfín Aláwọ̀ Ewé

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí ẹnì kan bá wà tí ò ń retí kí ibi bá, dúró díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń kọ ọ́.

Ògúnná ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ọdún mọ́kànlá ló fi dáná níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà àti ìfun ẹ̀rọ tó bàjẹ́, kí bàbà inú wọn lè yọ. Ọ̀gá rẹ̀ á ra àwọn ẹrù náà ní àpò-àpò, kì í wo inú wọn. Ògúnná nìkan ló mọ ohun tó wọ iná, torí àwọ̀ èéfín ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ti wáyà dúdú. Àmọ́ àwọn àpò kan wà tí èéfín wọn rí bí ewé tútù. Ó fi díẹ̀ nínú irin inú wọn pa mọ́ sílé.

Nígbà tí ikọ́ mú un, Ọ̀gá ní, "Máa lọ ilé. Ikọ́ ẹ ti ju iṣẹ́ ẹ lọ." Ìyàwó Ọ̀gá nìkan, tó ń wọn bàbà nínú èéfín kan náà, ló sìn ín dé ọ̀nà. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ògúnná bínú. Ó ní ojú òun ni ilé Ọ̀gá ṣe máa tú.

Kò pẹ́, àwọn dókítà tó ń ṣe ìwádìí lórí èéfín dé. Wọ́n yẹ àyà Ògúnná wò, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti wú.

Dókítà obìnrin kan ní, "Bàbá, ẹnì kan péré la tún rí irú èyí lára ẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá yín ni. Àìsàn tí kì í wọ́pọ̀ ni. Kí lẹ̀ ń sun gan-an?"

Inú Ògúnná dùn bí ẹni lá oyin. Ọwọ́ òun ti tẹ Ọ̀gá wàyí!

"Wáyà ni, dókítà. Wáyà lásán."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní oògùn tó bá irọ́ náà mu.

Ó fi ẹ̀rín ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàgbọ́ tó ń lẹ táyà.

"Èéfín aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́?"

"Mi ò sọ. Kí ìyàwó ẹ̀ kú ná, kó mọ bó ṣe ń dunni."

"Kí lobìnrin yẹn ṣe fún ẹ?"

"Ọkọ ẹ̀ ló ṣe mí!"

"Ṣé imú ọkọ ẹ̀ ló fi ń mí ni? Ti Olúwa ni ẹ̀san. Jésù bẹ̀bẹ̀ fáwọn tó kàn án mọ́ igi."

"Lọ lẹ táyà ẹ, wòlíì alátẹ́gùn! Tó bá jò, wá wàásù."

"Ìwọ gan-an lò ń jò, ọ̀rẹ́ mi."

Lóòótọ́, ó ń jò. Láàárín oṣù méjì, kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń gbọ́ ikọ́ ìyàwó Ọ̀gá. Oògùn kò ran ẹnì kankan nínú wọn. Ó ti tiná bọ ilé ọ̀tá, ó gbàgbé pé inú ilé náà lòun ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ikọ́ ẹ̀yìn ìkélé dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré. Ògúnná dúró de ayọ̀ tó ti ń retí. Kò dé. Èémí tirẹ̀ náà sì kọ̀. Bó bá kú báyìí, kí ni yóò sọ fún Ọlọ́run? Pé wáyà lásán ni?

"Jésù," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "apànìyàn ni mí. Ṣàánú mi." Ó fa aṣọ dókítà. "Mo parọ́. Àwọn àpò kan wà tí èéfín aláwọ̀ ewé ń jáde lára irin wọn. Mo fi díẹ̀ nínú irin náà pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nílé. Ọ̀rẹ́ mi mọlé."

Alẹ-táyà sáré lọ mú un wá. Wọ́n yẹ irin náà wò, wọ́n pààrọ̀ oògùn. Obìnrin náà yè. Ògúnná náà yè, àmọ́ èyí tó ti bàjẹ́ nínú àyà rẹ̀ kò padà.

Ọ̀gá wá kí i, ìtìjú bó ṣe lé e kò jẹ́ kó wo ojú rẹ̀.

Ògúnná ní, "Ẹ jókòó, Ọ̀gá. Ìyàwó yín ni mo fẹ́ pa. Ẹ dárí jì mí."

Ọ̀rẹ́ mi, ta ni ìwọ ń dúró de òkú rẹ̀? Ọlọ́run ẹ̀san ń wò ọ́, kò sì sí irọ́ tí o lè pa fún un. Mí sínú. Mí síta. Ọlọ́run ló yá ọ ní èémí yẹn. Kó tó gbà á padà, ké pe Jésù. Lónìí ni, kí èémí tó kọ̀.